Ẹni Tó Gba Fàdákà Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ̀yin ará Èkó-Ẹndẹ, ẹ̀yin ará Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, àti ẹ̀yin tẹ ṣì wà lóko tí rédíò yín ń sọ̀rọ̀ lórí ebè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ pa ìwé dé ná, ẹ wá jókòó. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá la mú wá lónìí, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Badminton ni, eré tí wọ́n ń fi ràkẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kọjá lórí àwọ̀n.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, ọmọ ìlú kan tó ti òkè òkun dé ta iléèwé wa lọ́rẹ ràkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin pẹ̀lú páálí bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kan. A so okùn mọ́ igi máńgòrò méjì níwájú kíláàsì, a fi eérú fa ìlà sílẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti mú. Ọmọ tó kọ́kọ́ gbá a gbá a sókè fíofío, gbogbo wa gbójú sókè, bọ́ọ̀lù ò padà bọ̀. Atẹ́gùn ti gbé e kọjá òrùlé, ó lọ há sí imọ̀ ọ̀pẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, páálí ti ṣófo. Mo kó àwọn ràkẹ́ẹ̀tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí okùn wọn fi já. Ó dùn mí títí dòní, nítorí ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì yẹn tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju bí ojú mi ṣe lè tẹ̀ lé e lọ, n kò sì rí nǹkan kan fi kọ́ ọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọyẹ́ ṣe rí wa mú. Ìyẹ́ 16 ni wọ́n máa ń gún yí orí kọ́ọ̀kì kékeré kan ká láti fi ṣe bọ́ọ̀lù náà, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti ẹbí rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ tí àwọn òyìnbó ń sìn. Òfin ní kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ wọ̀n láàárín gíráàmù 4.74 sí 5.50, ìyẹn bí hóró ṣúgà onígun kan. Ẹ̀yin tẹ ń sin adìẹ, ẹ mú ìyẹ́ gígùn kan láti apá ọ̀tún, ẹ mú òmíràn láti apá òsì, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ó rí i pé ibi tí ọ̀kan tẹ̀ sí kọ́ ni èkejì tẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ojúlówó bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kì í fi í pa ti ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Ti apá òsì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀, bọ́ọ̀lù á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lófuurufú dípò kó máa yí bí òkòtó.

Nǹkan tó fúyẹ́ tó báyìí, atẹ́gùn ló ni ín. Nítorí náà, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gbá a fún ìdíje, gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ ga, tí fèrèsé rẹ̀ sì wà ní títì. Níbẹ̀ ni wàá ti rí iṣẹ́ ìyanu rẹ̀. Bí akọni bá fi gbogbo agbára là á mọ́lẹ̀, ó ń jáde lójú ràkẹ́ẹ̀tì bí ọta ìbọn. Ní ìdíje kan ní Jàpáànù lọ́dún 2017, wọ́n wọn eré tí ọ̀kan sá: kìlómítà 417 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù kọjá kì í sá ìdá mẹ́rin eré yẹn. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní òdìkejì àwọ̀n, ìyẹ́ ti gba atẹ́gùn mọ́ra, eré ti dínkù gan-an. Òun ló mú kó ṣeé ṣe fún ọmọ èèyàn láti dá a padà.

Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn ní Jàpáànù ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Lee Chong Wei lorúkọ rẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Màléṣíà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu eré náà láti ọdún 2019. Mo ti ń tẹ̀ lé ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì gbà pé ó ní ohun tó ń bá àwa ará ìhín sọ, pàápàá àwa tí a ní ọmọ níléèwé.

Ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba ibi tí eré náà ti wá. Ilé ńlá ìjòyè kan ní Ìlú Ọba, Badminton House, ló fún un lórúkọ. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbá irú rẹ̀ ní ìlú Poona ní Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1870. Láti ọdún 1899 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje All England, èyí tó lọ́lá jù láyé àtijọ́, ọdún 1992 ni eré náà sì tó wọ inú ìdíje Òlíńpíìkì fún àmì ẹ̀yẹ, ní ìlú Barcelona. Ó bá àwọn amúnisìn dé Màléṣíà bí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ṣe bá wọn dé ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ará ibẹ̀ sì sọ ọ́ di tiwọn pátápátá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje ife Thomas Cup fún àwọn orílẹ̀-èdè ní 1949, Málàyà, bí wọ́n ṣe ń pe ibẹ̀ nígbà náà, ló gbé ife náà lọ sílé.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1982 ni wọ́n bí Lee ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bagan Serai. Ìlú Bukit Mertajam ní ìpínlẹ̀ Penang ló ti dàgbà. Badminton kọ́ ló kọ́kọ́ wù ú. Bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ló ń lé kiri, ìyá rẹ̀ ló sì sọ pé rárá, oòrùn ibi tí wọ́n ti ń gbá a ti mú jù fún ọmọ òun. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn badminton, ó sì máa ń mú ọmọ náà dání lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá a. Níbẹ̀ ni olùkọ́ kan ti rí i, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde iléèwé. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà náà. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀. Ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ kí oòrùn má pa á ló darí rẹ̀ sábẹ́ òrùlé, abẹ́ òrùlé yẹn ló sì ti di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 17, Misbun Sidek mú un wọ inú ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ Sidek yìí. Bàbá kan wà ní ìlú Banting, Sidek Abdullah Kamar lorúkọ rẹ̀. Ó bí ọmọkùnrin márùn-ún tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní badminton láti kékeré: Misbun, Razif, Jalani, Rahman àti Rashid. Gbogbo wọn ló gbá a fún orílẹ̀-èdè wọn. Nígbà tí Razif àti Jalani gba idẹ ní Barcelona ní 1992, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Màléṣíà rí gbà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni. Rashid gba idẹ tirẹ̀ ní Atlanta ní 1996. Misbun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn kò rí àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì gbà ní tirẹ̀, nítorí kò sí badminton níbẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ohun tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ló wá fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Bàbá kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, nínú ìlú tí kò tóbi.

Kí ni Misbun ń kọ́ ọ? Ẹni tó bá wo badminton láti òkèèrè á rò pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹsẹ̀ ni. Ìdajì pápá tí ẹnì kan ń ṣọ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 22 ní gígùn àti 17 ní fífẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibi mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀ tí alátakò rẹ lè ju bọ́ọ̀lù sí: igun méjì níwájú lẹ́bàá àwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ méjì, igun méjì lẹ́yìn. Ibi yòówù kí o ti gbá tìrẹ, àárín lo gbọ́dọ̀ sáré padà sí. Àárín yẹn ni oríta. Ẹni tó dúró sí oríta ló lè tètè dé gbogbo ọ̀nà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí fi ń sáré láti oríta dé igun, láti igun padà sí oríta, láìsí bọ́ọ̀lù kankan nílẹ̀, títí ẹsẹ̀ á fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ onílé ṣe mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni ọwọ́ tó kàn. Bí bọ́ọ̀lù bá bá ọ lẹ́yìn, o lè gbé e ga kó lọ balẹ̀ sẹ́yìn alátakò rẹ. O lè tọ́ ọ pẹ́ẹ́ kó kàn ré kọjá àwọ̀n kó sì já wálẹ̀. O sì lè là á mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bákan náà ni apá rẹ gbọ́dọ̀ ṣe ga sókè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tó ń wò ọ́ má mọ èyí tó ń bọ̀. Ìgbà tí Lee dàgbà tán, àwọn tó bá a díje máa ń sọ pé kò sí ibi tí èèyàn lè ju bọ́ọ̀lù sí tí kò ní bá a níbẹ̀.

Ó wá kan ibi tí ìtàn náà ti le. Ní ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bí Lee, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Ṣáínà tí wọ́n sọ ní Lin Dan. Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ó le fún ẹni méjì láti jẹ́ akọni kan náà ní ìran kan náà. Ìgbà 40 ni wọ́n pàdé. Lin Dan borí nínú 28, Lee borí nínú 12.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, wọ́n pàdé ní àṣekágbá Òlíńpíìkì ní Beijing. Lin Dan nà án 21 sí 12, ó tún nà án 21 sí 8. Fàdákà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀, Lee gun orí àga ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé, kò sì sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 199 gbáko, títí di oṣù Kẹfà ọdún 2012. Ẹ fojú inú wò ó: ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́wàá tí kò fi sẹ́nikẹ́ni tó ga jù ú lọ nínú ìwé àjọ badminton àgbáyé, síbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń bi í pé wúrà Òlíńpíìkì rẹ dà.

Ọdún 2012 náà ló wá dé. Òlíńpíìkì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Karùn-ún, Lee ti fara pa lọ́rùn ẹsẹ̀ níbi ìdíje Thomas Cup ní Ṣáínà, kò sì tó oṣù mẹ́ta tó fi gbára dì. Nílé, oníléeṣẹ́ ìwakùsà kan ti ṣèlérí wúrà tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì ringgit, ìyẹn owó Màléṣíà, fún ọmọ ilẹ̀ náà tó bá kọ́kọ́ gba wúrà Òlíńpíìkì, nítorí orílẹ̀-èdè yẹn kò gba ọ̀kan rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, nínú gbọ̀ngàn Wembley, òun àti Lin Dan tún kojú ara wọn. Lee mú abala kìíní, 21 sí 15. Lin Dan mú èkejì, 21 sí 10. Abala kẹta ni wọ́n ti fa okùn náà tó fẹ́ já. Ayò wọn di 19 sí 19. Ayò méjì péré ló kù sí wúrà àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù lọ́nà ọgbọ̀n, àwọn ọmọ Màléè, àwọn tí baba ńlá wọn ti Ṣáínà wá, àwọn tí tiwọn ti Íńdíà wá, gbogbo wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n. Lin Dan ló gba ayò kan, ó sì gba èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí gbọ̀ngàn ká bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ fò lọ. Lee wà nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí.

Mo ti wo àwòrán ìdíje yẹn ju ìgbà kan lọ. Ohun tó ń mú mi lọ́kàn ni pé bí ẹ bá ka gbogbo ayò tí àwọn méjèèjì jẹ lọ́jọ́ náà, Lin Dan jẹ 57, Lee jẹ 50. Àbí ẹ ò rí bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín akọni àti akọni ṣe kéré tó? Lee tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Àforíjì kí ni? Àwọn ará ilé kò bínú. Wọ́n sunkún pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fetí sí dáadáa ṣẹlẹ̀. Níbi ìdíje àgbáyé ti 2014 ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n yẹ ìtọ̀ Lee wò, wọ́n bá dexamethasone níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ oògùn yìí. Òun ni hóró kékeré tí àwọn kan ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láti fi sanra, láìsí dókítà tó sọ pé kí wọ́n lò ó. Oògùn gidi ni ní ọwọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí olùdíje kò gbọdọ̀ ní lára nígbà ìdíje. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà rí i pé inú oògùn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà kan tó ń lò, tí wọ́n rọ sínú kápúsù, ló ti wọ ara rẹ̀, kò sì ní in lọ́kàn láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ wọ́n fi òfin dè é fún oṣù 8, wọ́n sì gba fàdákà tó gbà ní Dẹ́ńmáàkì padà. Òfin eré ìdárayá sọ pé ohunkóhun tó bá wọ ara rẹ, ìwọ lo máa dáhùn fún un. Mo bẹ̀ yín, ọmọ tó bá ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé yín, ẹ má kàn máa po nǹkan fún un mu kó lè lágbára. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́.

Ó padà dé ní 2015. Ní ìparí ọdún náà, ó lọ sí Ṣáínà, ó sì gba ife ẹ̀yẹ wọn níwájú àwọn èèyàn wọn. Ní 2016, ní Rio, ó bá Lin Dan ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Lin Dan mú abala kìíní. Lee mú èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, ó borí rẹ̀ 22 sí 20. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó ti kọjá Lin Dan ní Òlíńpíìkì. Ọmọ Ṣáínà mìíràn tó ń jẹ́ Chen Long, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ló ń dúró dè é lọ́jọ́ kejì. 21 sí 18, 21 sí 18. Fàdákà kẹta nìyẹn.

Fàdákà mẹ́ta ní Òlíńpíìkì mẹ́ta léraléra. Nínú ìdíje àgbáyé, ó dé àṣekágbá ní 2011, 2013, 2014 àti 2015, kò sì gba wúrà kankan níbẹ̀ pẹ̀lú. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, ó gba ife All England lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gba ife Màléṣíà lẹ́ẹ̀méjìlá, ó gba wúrà ìdíje Commonwealth fún ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta, ní 2006, 2010 àti 2018.

Èmi gan-an ti jẹ́ olùkọ́, mo mọ ohun tí a máa ń bi ọmọ tó bá dé láti iléèwé pẹ̀lú káàdì èsì ìdánwò. Ipò wo lo ṣe? Ọmọ á ní ipò kejì. A ó ní, ẹni tó ṣe ipò kìíní, orí méjì ló ní? Mo ti gbọ́ ọ ní Ìkìrun, mo ti gbọ́ ọ nílé tiwa. N kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀yin ará Òkukù tí ẹ mọ oríkì kì mọ̀ jù mí lọ pé oríkì kì í ka ogun tí a ṣẹ́ nìkan. Ó ń ka bí ẹni náà ṣe rìn, ohun tó jẹ, ohun tó jẹ ní gbèsè, ẹni tó bá a jà, ọjọ́ tó ṣubú àti bó ṣe dìde. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ẹni tí a lè pè. Bí àwọn ìyá wa bá fẹ́ ki Lee Chong Wei, ibi tí ayò ti di 19 sí 19 ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni wọ́n á ti gùn ún jù.

Ilẹ̀ wa náà ní irú wọn. Nínú tẹ́nìsì orí tábìlì, Ṣẹ́gun Toriola lọ sí Òlíńpíìkì méje, láti Barcelona ní 1992 títí dé Rio ní 2016. Olúfúnkẹ́ Oshonaike náà lọ sí méje, láti Atlanta ní 1996 títí dé Tokyo, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Toriola gba wúrà Commonwealth ní Manchester ní 2002. Kò sí èyí tó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì nínú àwọn méjèèjì. Ó lé lógún ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi gbé orúkọ Nàìjíríà lọ síwájú ayé. Ọmọ mélòó nínú àwọn tó ń gbọ́ mi ló ti gbọ́ orúkọ wọn rí?

Ní 2018, lẹ́yìn tí Lee ti gba ife Màléṣíà ẹlẹ́ẹ̀kejìlá, àwọn dókítà sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nínú imú rẹ̀. Ó lọ gba ìtọ́jú ní Taiwan. Wọ́n tètè rí i, ìwòsàn sì dé. Òun ṣì fẹ́ gbá Òlíńpíìkì ẹ̀ẹ̀karùn-ún rẹ̀ ní Tokyo. Ó padà sínú gbọ̀ngàn, ó ń gbìyànjú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ara kọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ó jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sunkún, ó sì sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún 36 ni. Àgbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 36 ní Èkó-Ẹndẹ níbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ oko rẹ̀ dáadáa ni. Ẹni tó ń fi ara díje kì í ní ọjọ́ alẹ́ bíi tàgbẹ̀. Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ń dé ní ọ̀sán gangan, ó sì gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò fi àṣálẹ́ gígùn ṣe.

Ìjọba Màléṣíà ní ètò fún irú èyí. Ẹni tó bá gba fàdákà Òlíńpíìkì ń gba owó ìfẹ̀yìntì ringgit 3,000 lóṣooṣù títí ayé rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà nípò àṣẹ tó ń gbọ́ wa kọ ìyẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, wọ́n yàn án ṣe olórí ikọ̀ tó ń lọ sí Tokyo, ibi tí òun fúnra rẹ̀ ì bá ti gbá a. Nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ badminton àgbáyé kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn àgbà eré náà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ ti Lin Dan, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé eré yìí jìnnà sí ọmọ ilẹ̀ wa. Anúolúwapọ̀ Ọ̀pẹ́yorí àti Godwin Olófùà gbá a fún Nàìjíríà ní Tokyo, Dọ́káàsì Àjọkẹ́ Adéṣọ̀kàn náà gbá a níbẹ̀. Ọ̀pẹ́yorí tún lọ sí Paris ní 2024. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, nínú ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá ní Paris, Màríámù Ẹniọlá Bọ́lájí, ẹni tí ìpèníjà wà fún lẹ́sẹ̀, gba idẹ. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó gba àmì ẹ̀yẹ badminton rí ṣáájú rẹ̀ nínú Òlíńpíìkì tàbí ti àwọn akanda ẹ̀dá. Idẹ ni. Lójú mi, ó wúwo ju òkúta lọ.

Ọmọbìnrin inú kíláàsì mi yẹn ti di ìyálọ́mọ báyìí. Mo rí i lọ́jà Ìkìrun láìpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí badminton mọ́, èmi ni mo rántí. Ohun tí mo rò nígbà tí mo ń padà sílé ni pé kò sí ìlú kan nínú àwọn ìlú wa yìí tí kò ní gbọ̀ngàn. A ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ ní Sátidé, a ń ṣe ìpàdé níbẹ̀. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè, títì ló máa ń wà, atẹ́gùn ò sì lè wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹ mú bírò àti ìwé, n ó pè é ní ẹ̀ẹ̀mejì. Pápá badminton jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 44 ní gígùn. Fún ẹni méjì tó ń kojú ara wọn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 17. Fún ẹni mẹ́rin, 20. Àwọ̀n wà ní àárín gbùngbùn. Ní ìdí òpó, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 1. Ní àárín, ẹsẹ̀ bàtà 5 géérégé. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6 láti ìdí àwọ̀n sí ìhà méjèèjì, ẹ fa ìlà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ ayò gbọ́dọ̀ ré kọjá ìlà yẹn. Ayò 21 ni abala kan, ẹni tó bá mú abala méjì nínú mẹ́ta ló borí. Ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi fa ìlà náà, kó lè parẹ́ kó tó di Sátidé tí ìgbéyàwó á wọlé. Mo tún ń pè é o: gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 44.